N Ò Ní Sẹ́ Ìyá Mi

"Kọ 'kò sí' síbẹ̀," ni Bùrọ̀dá Fọ́tò wí, ó sì na ìka sójú kọ̀ǹpútà. "Wọ́n ní ṣé o ní ẹbí ní ìlú tí ò ń lọ. Kò sí. Ọ̀rọ̀ parí."

Alágídí gbé ọwọ́ kúrò lórí kọ̀ǹpútà náà. Ọmọbìnrin ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún ni, kíláàsì àṣekágbá ló sì wà. Ìyá bàbá rẹ̀ ló sọ ọ́ lórúkọ yẹn láti kékeré, nítorí pé bó bá ti ní òun ò ṣe nǹkan, ẹ̀bẹ̀ ò ràn án. Ṣọ́ọ̀bù tí Bùrọ̀dá Fọ́tò, àbúrò bàbá rẹ̀, ti ń ya fọ́tò pásípọ́ọ̀tù ni wọ́n wà. Bàbá rẹ̀, tó jẹ́ télọ̀, jókòó sórí àpótí, téèpù tó fi ń wọn aṣọ ṣì wà lọ́rùn rẹ̀.

"Màmá mi ńkọ́?" ni ọmọ náà béèrè.

"Ta ló ń sọ ti màmá ẹ? Fọ́ọ̀mù físà là ń kọ."

Ó ti pé ọdún mẹ́sàn-án tí ìyá rẹ̀ ti wà lókè òkun. Àwọn arúgbó ló ń tọ́jú níbẹ̀, ó ń wẹ̀ fún wọn, ó ń wọṣọ fún wọn. Ìwé ìgbélùú rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ni, ibi iṣẹ́ ò sì tíì fún un láyè láti wálé. Òun ló kọ lẹ́tà pé kí ọmọ òun wá lo ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lọ́dọ̀ òun. Ojú tí Alágídí ń rí nínú fóònù ò tó o mọ́.

"Bí o bá dárúkọ ìyá ẹ," ni Bùrọ̀dá Fọ́tò ń ṣàlàyé, "wọ́n á ní o ò ní padà wá, wọn ò sì ní fún ẹ. Jẹ́ ká sọ pé ìgbafẹ́ lo fẹ́ lọ ṣe. Ká fi ránṣẹ́ lónìí, kí o lọ lóṣù tó ń bọ̀. Tẹ́sẹ̀ ẹ bá ti balẹ̀ lọ́hùn-ún, ta ló tún ń padà bọ̀?"

"Oṣù tó ń bọ̀ la máa ṣe ìdánwò àṣekágbá."

"Ẹni tí wọ́n ṣílẹ̀kùn fún, ṣé ojú fèrèsé ló yẹ kó máa wá?"

Ká má parọ́, ọkàn Alágídí fà sí i. Láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan, yóò ti wà láyà ìyá rẹ̀. Kí ni ọ̀rọ̀ kékeré kan nínú àpótí kékeré kan lórí fọ́ọ̀mù? Ó na ọwọ́ sí kọ̀ǹpútà lóòótọ́, àmọ́ orúkọ ìyá rẹ̀ ló tẹ̀ síbẹ̀, láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin.

"Ẹ má bínú, Bùrọ̀dá," ló wí. "N ò lè torí físà sẹ́ ẹni tó bí mi. Mo ti ka ìlànà wọn. Oṣù mẹ́ta ṣáájú ìrìn-àjò ni wọ́n ti ń gba fọ́ọ̀mù. Oṣù karùn-ún la wà yìí. Màá kọ ọ́ pé oṣù kẹjọ ni mò ń bọ̀, nígbà tí ìdánwò bá ti parí. Físà àbẹ̀wò ni màá béèrè, àbẹ̀wò náà ni màá lọ ṣe."

Bùrọ̀dá Fọ́tò yíjú sí ẹ̀gbọ́n rẹ̀. "Ẹ gbọ́ ọmọ yín."

Bàbá yọ téèpù kúrò lọ́rùn, ó ń ká a mọ́ ìka. "Ẹ̀rù ń bà mí, ọmọ mi. Bí wọ́n bá kọ̀ ńkọ́?"

"Á jẹ́ pé èmi gan-an ni wọ́n kọ̀, Bàbá mi. Ìyẹn sàn ju kí wọ́n gba ẹni tí kì í ṣe èmi."

Bùrọ̀dá Fọ́tò ní òun ti yọwọ́, kí ẹnikẹ́ni má wá sunkún sí ṣọ́ọ̀bù òun. Síbẹ̀ ó ya fọ́tò ọmọ náà, ó ń kùn bó ṣe ń yà á. Alágídí náà ò túra ká. Ẹni tó bá rí fọ́tò yẹn á rò pé ìjà ló fẹ́ lọ jà lókè òkun.

Ó ṣe ìdánwò rẹ̀ parí. Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e ni wọ́n pè é sí ilé-iṣẹ́ aṣojú orílẹ̀-èdè náà fún ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nu-wò. Òṣìṣẹ́ obìnrin kan jókòó lẹ́yìn gíláàsì, ó ń ṣí ìwé rẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan.

"Ìyá ẹ ń gbé lọ́dọ̀ wa."

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

"Kí ló máa wá dá ẹ padà sílé?"

"Ilé-ẹ̀kọ́ àwọn nọ́ọ̀sì ti pè mí fún ìdánwò ìgbaniwọlé lóṣù kẹsàn-án. Lẹ́tà wọn wà níbẹ̀. Bàbá mi àti ìyá bàbá mi náà wà nílé."

"Bí gbogbo yín ṣe máa ń sọ nìyẹn."

Inú bí Alágídí. "Ẹ lè má fún mi, mà. Ṣùgbọ́n ká ní mo fẹ́ sá lọ ni, orúkọ ìyá mi ni ǹ bá kọ́kọ́ fi pamọ́. N ò fi pamọ́. Bí ẹ bá sì dá mi padà lónìí, tí mo tún wá lọ́la, màá tún kọ ọ́ síbẹ̀."

Obìnrin náà yíjú sí kọ̀ǹpútà rẹ̀.

"Nígbà tí ìyá ẹ wá gba físà lọ́dún mẹ́sàn-án sẹ́yìn," ló wí, "ó kọ ọ́ sílẹ̀ pé òun ní ọmọbìnrin kan, ọmọ ọdún mẹ́jọ. Orúkọ ẹ ló wà níbí. Ká ní o kọ 'kò sí' ni, ọdún mẹ́wàá gbáko lo ò bá fi jókòó kí o tó tún lè béèrè."

Alágídí fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu omijé ojú rẹ̀.

Wọ́n fún un ní físà ọgbọ̀n ọjọ́. Ní pápákọ̀ òfuurufú lọ́hùn-ún, òun ló kọ́kọ́ rí ìyá rẹ̀. Ìsàlẹ̀ ni obìnrin náà ń wò láàárín èrò, àfi bí ẹni tó ń wá ọmọ ọdún mẹ́jọ.

Wọ́n jọ jẹun, wọ́n jọ rẹ́rìn-ín, wọ́n sì jọ sunkún. Nígbà tó ku ọjọ́ méjì kó padà, ìyá ń bá a ká aṣọ, ọwọ́ rẹ̀ dúró.

"Má lọ mọ́," ló wí. "Ta ló máa mọ̀?"

Èyí le ju ti Bùrọ̀dá Fọ́tò lọ.

"Màmá mi, ẹ̀yin lẹ sọ fún mi pé bí ọjọ́ físà yín ṣe kọjá, ọdún méje lẹ fi ń sá fún ọlọ́pàá bí ẹni tó jalè. Ìdí nìyẹn tẹ́ ẹ ò fi lè wálé wá wò mí. Ṣé ẹ fẹ́ kí èmi náà ṣe bẹ́ẹ̀? N ò ṣe é. Ẹ jẹ́ n lọ, kí n lè máa wá."

Ìyá jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì, ó sunkún, kò sì jiyàn. Nígbà tó yá, ó nawọ́ gba aṣọ tó kù, ó tò ó sínú báàgì.

Alágídí padà sílé lọ́jọ́ tó pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gẹ́lẹ́. Ó yege nínú ìdánwò ilé-ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì. Nígbà tó tún béèrè físà lọ́dún kejì, wọn ò tiẹ̀ pè é láti bi í ní ìbéèrè kankan. Wọ́n kàn lẹ físà mọ́ ìwé rẹ̀ ni. Bùrọ̀dá Fọ́tò ò tọrọ àforíjì, kì í ṣe irú ẹni bẹ́ẹ̀.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, àdéhùn ni físà. Ẹ béèrè fún èyí tó bá ìdí ìrìn-àjò yín mu, ẹ béèrè lásìkò, kí ẹ sì kọ òtítọ́ síbẹ̀. Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ máa bá a. Bí wọ́n bá sì ní dandan, àfi kí ẹ sẹ́ ara yín kí ẹ tó wọlé, ẹ ṣorí kunkun. Agídí bẹ́ẹ̀ kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀.