Èémí Méje

Ní Òkè-Òṣùpá, kò sí ẹni tó ń dá mí. Ẹgbàajì ènìyàn ló ń gbé ìlú náà, ẹ̀rọ kan ṣoṣo tó ga tó òkè ló sì ń bá gbogbo wọn mí. Ẹ̀dọ̀fóró ni wọ́n ń pè é. Ní àràárọ̀, yóò fa afẹ́fẹ́ jáde láti inú iyẹ̀pẹ̀ òṣùpá, yóò fọ̀ ọ́, yóò sì tú u sílẹ̀ fún ìlú. Bí o bá dúró ní ojúde nígbà náà, wàá gbọ́ ọ: hùùùù, bí ẹni pé ilẹ̀ fúnra rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ jí. Àwọn àgbà tó ti ń gbọ́ ọ fún ọgbọ̀n ọdún ṣì máa ń ṣí fìlà fún un.

Ìbíyẹmí kì í jáde lọ gbọ́ ọ. Akọ̀wé-àṣẹ ni, ọ̀kan nínú àwọn tó ń kọ àṣẹ tí ẹ̀rọ ń tẹ̀ lé. Inú ìwé kan tí kò ní kọ́kọ́rọ́ ni àṣẹ wọ̀nyí wà, Gbangba lorúkọ rẹ̀. Ẹnikẹ́ni ló lè kà á, ẹnikẹ́ni ló lè tún un ṣe, orúkọ ẹni tó kọ ìlà kọ̀ọ̀kan sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Òfin kan péré ló wà: o kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan ìlà ẹlòmíràn láìkan ilẹ̀kùn. Wàá fi “àgò” ránṣẹ́ sí onílà, òun náà yóò sì fi ohùn ara rẹ̀ dáhùn pé “àgò yà.” Bí ọjọ́ mẹ́ta bá kọjá láìsí ìdáhùn, ilé ti di ahoro. Máa wọlé.

Ìlà tí Ìbíyẹmí tẹjú mọ́ láàárọ̀ ọjọ́ kan kò gùn rárá:

Dúró fún èémí méje. — Àkànmú.

“Kó dúró de kí ni?” ó bi ògiri.

Ó wá gbogbo Gbangba, kò rí ìdí kankan. Ẹ̀dọ̀fóró á kàn dúró gbagidi kó tó tú afẹ́fẹ́ sílẹ̀, díẹ̀ nínú rẹ̀ á sì jò dànù. Ìbíyẹmí ṣírò rẹ̀. Èyí tó ń ṣòfò lóòjọ́ tó ẹnì kan í mí.

Ẹnì kan. Ó ti di ọdún mẹ́fà tí ìyá rẹ̀ ti ń dúró nílé ayé kí àyè ẹnì kan ṣí.

Ó fi àgò ránṣẹ́. Ọjọ́ kìíní, kẹ́kẹ́ pa. Ọjọ́ kejì, kẹ́kẹ́ pa. Ọjọ́ kẹta, ó fi “ẹ jọ̀ọ́ sà” kún un. Kò sí ohùn. Ní ọjọ́ kẹrin, ó pa ìlà náà rẹ́.

Ní ọjọ́ kejì ìyẹn, Ẹ̀dọ̀fóró mí láìdúró rárá. Àwọn ènìyàn pàtẹ́wọ́ ní ojúde. Kí ọjọ́ tó kanrí, ìyá rẹ̀ ti pè.

“Ìbíyẹmí, wọ́n ní àyè ti ṣí! Ṣé kí n gbé ata gígún dání?”

“Ẹ gbé e, Màámi. Ata ibí kò ta.”

“Mo ti ń lọ wọ ọkọ̀ báyìí o. Mi ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni yí ọkàn padà.”

Ní àárọ̀ kejì, wọ́n kan ilẹ̀kùn ibi iṣẹ́ rẹ̀. Kó tó dáhùn, ilẹ̀kùn ti ṣí. Bàbá arúgbó kan tó wọ aṣọ ilé ìwòsàn ló dúró síbẹ̀, tó ń mí hẹlẹhẹlẹ.

“Ṣé ìwọ ni Ìbíyẹmí?”

“Èmi ni, sà. Ẹ káàárọ̀. Ẹ̀yin ńkọ́?”

“Èmi ni mo ni ilé tó o wó.”

Ìbíyẹmí kúnlẹ̀ wọ̀ọ̀. “Bàbá Àkànmú! Mo kan ilẹ̀kùn, sà. Fún ọjọ́ mẹ́ta gbáko.”

“Mo gbọ́ ọ. Fún ọjọ́ mẹ́ta yẹn, bí mo bá la ẹnu, ikọ́ nìkan ló ń dáhùn. Dá ìlà mi padà.”

“Kí ló ń ṣẹlẹ̀ nínú èémí méje yẹn, sà?”

“Èmi ni.”

Ó fara ti ògiri. “Yàrá kékeré kan wà lẹ́yìn Ẹ̀dọ̀fóró. Ibẹ̀ ni afẹ́fẹ́ ń kọ́kọ́ gbà. Àràárọ̀ ni mò ń jókòó níbẹ̀ mí i. Bí kò bá dára, mo fa ọ̀pá irin, ẹ̀rọ á gbé e mì padà. Kódà láti orí bẹ́ẹ̀dì, mo ń yọ́ lọ síbẹ̀. Lánàá, kí n tó jókòó, ó ti tú u.”

“Ṣùgbọ́n imú ẹ̀rọ mọ ẹgbẹ̀rún májèlé!”

“Ó mọ àwọn tó lórúkọ. Ọ̀kan wà nínú iyẹ̀pẹ̀ yìí tí kò tíì lórúkọ. Ọ̀fun ènìyàn nìkan ló mọ̀ ọ́n. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni mo ti fa ọ̀pá yẹn.”

“Kí ló dé tí ẹ ò kọ ọ́ sínú Gbangba?”

Bàbá Àkànmú wo ilẹ̀. “Pé ẹnì kan ń tọ́ afẹ́fẹ́ wò fún wọn? Ta ni yóò sùn? Ibẹ̀ ni mo ti ṣì í ṣe, ọmọ mi. Ó ku ìṣẹ́jú márùn-ún kí ẹ̀rọ tó mí.”

“Ìyá mi wà nínú ọkọ̀, sà.”

Bàbá kò jágbe. “Bó bá dé, afẹ́fẹ́ wo ni yóò mí?”

Ìbíyẹmí dá ìlà náà padà. Ó wo ẹsẹ̀ bàbá tó ń gbọ̀n, ó sì pọ̀n ọ́n. Àgbàlagbà kì í wúwo lórí òṣùpá.

“Ó ti tó ọgọ́rin ọdún tí wọ́n ti pọ̀n mí gbẹ̀yìn,” ni bàbá wí létí rẹ̀. “Má jẹ́ kí n sùn lọ o.”

Ó gbé e dé yàrá náà, ó gbé e ka àga. Bàbá lé e síta, ó ti ilẹ̀kùn gíláàsì. Ẹ̀dọ̀fóró dúró.

Èémí kan. Méjì. Mẹ́ta. Ìbíyẹmí, tó ti ka gbogbo ìlà ẹ̀rọ náà, kò mọ̀ rí pé ìdákẹ́jẹ́ lè tóbi tó báyìí. Ẹgbàajì ènìyàn, àti àyà bàbá arúgbó kan tó ń lọ sókè, tó ń padà wálẹ̀.

Ní ẹ̀ẹ̀karùn-ún, ọwọ́ bàbá kan ọ̀pá. Ọ̀pá kò mì. Agbára bàbá ti tán.

Ìbíyẹmí fa ilẹ̀kùn ṣí, ó wọlé. Òun ló mí èémí kẹfà. Ó fi gbogbo ara rọ̀ mọ́ ọ̀pá náà, ọ̀pá wálẹ̀, Ẹ̀dọ̀fóró sì gbé èémí rẹ̀ mì padà pẹ̀lú ìró kan tó mi ìpìlẹ̀ ìlú. Ní ojúde, wọ́n kéde pé àtúnṣe ń lọ lọ́wọ́. Kí oníkálukú ṣì máa mí afẹ́fẹ́ àná.

“Báwo ló ṣe rí lẹ́nu rẹ?” ni Bàbá Àkànmú béèrè.

“Ó dùn, sà. Bí irin tí wọ́n rẹ sínú oyin.”

“Òun nìyẹn. O ti mọ̀ ọ́n.” Ó rẹ́rìn-ín músẹ́. Kò dìde lórí àga náà mọ́.

Ìyá rẹ̀ pè ní ọ̀sán. “Ìbíyẹmí, wọ́n ní ọkọ̀ wa ń padà sílé. Wọ́n ní ẹnì kan ti gba àyè mi.”

Ìbíyẹmí ń wo Gbangba. Ó ti fi ọ̀rọ̀ kún ìlà náà, níbi tí gbogbo ojú ti lè rí i:

Dúró fún èémí méje. Ènìyàn ń tọ́ ọ wò níbí. — Àkànmú. Ìbíyẹmí.

“Ta ni ẹni náà, ọmọ mi?”

Ó la ẹnu láti dáhùn. Ikọ́ ló kọ́kọ́ jáde.