Àbàwọ́n Tí Kò Yẹ Kí Màmá Alágbàfọ̀ Fọ̀

Ká tó bá ẹnikẹ́ni wí nínú ọ̀rọ̀ yìí, Màmá Alágbàfọ̀ ni ká kọ́kọ́ bá wí. Òun náà gbà bẹ́ẹ̀. Bó bá ń sọ ọ́, á na ìka sí àyà ara rẹ̀, á ní, "Èmi ni. Èmi arúgbó olórí líle. Ẹ má wá ẹlòmíràn lọ."

Aṣọ ló fọ̀. Bẹ́ẹ̀ ni, aṣọ lásán. Obìnrin tó ti ń gba aṣọ fọ̀ látìgbà tí ọmú rẹ̀ ṣì ń wo ọ̀kánkán, tí ọmú náà ti wá ń wo ilẹ̀ báyìí, ta ni yóò sọ fún un pé kó má fọṣọ? Epo ọkọ̀ ni o, ẹ̀jẹ̀ ni o, kò sí àbàwọ́n tó le fún un. Bó bá ti fojú kan àbàwọ́n báyìí, ọwọ́ á bẹ̀rẹ̀ sí í yún un.

Àmọ́ aṣọ tó fọ̀ lọ́jọ́ náà kì í ṣe ti oníbàárà. Ti ọmọ ọmọ rẹ̀ ni, ọmọbìnrin ọmọ ọdún méje tí gbogbo ilé ń pè ní Ẹ̀gà, nítorí pé ẹnu rẹ̀ kì í sinmi tẹ́lẹ̀, àfi bí ẹyẹ ẹ̀gà lórí igi.

Tẹ́lẹ̀ ni o. Láti ọjọ́ tí ìyá rẹ̀ ti ṣubú pẹ̀lú korobá omi gbígbóná nínú àgbàlá ìfọṣọ, tí omi náà sì bó o lẹ́sẹ̀, Ẹ̀gà ò sọ̀rọ̀ mọ́. Ìyá wà nílé ìwòsàn, ara rẹ̀ ti ń yá. Ti ọmọ ni kò yé ẹnikẹ́ni. Kò fara pa. Etí rẹ̀ ń gbọ́. Ahọ́n rẹ̀ ò ṣe nǹkan kan. Bí wọ́n bá bi í léèrè ọ̀rọ̀, á kàn máa wo ẹni náà bí ẹni tó wà ní òdìkejì odò.

Dókítà tó ń tọ́jú ìyá ló ní kí wọ́n mú ọmọ lọ sọ́dọ̀ obìnrin kan tí Màmá sọ ní Ànti Ọlọ́dà. Olùtọ́jú ọkàn ni, ó kọ́ṣẹ́ náà dójú àmì, ṣùgbọ́n kì í fún èèyàn lábẹ́rẹ́. Ọ̀dà, amọ̀, búrọ́ọ̀ṣì àti ọmọlangidi ló kún yàrá rẹ̀. Ọmọdé ń lọ síbẹ̀, àgbàlagbà ń lọ, odindi ìdílé náà ń lọ. Wọ́n á yàwòrán, wọ́n á mọ amọ̀, wọ́n á kọrin, títí ohun tó há sí wọn nínú á fi rí ọ̀nà jáde.

Bàbá Ẹ̀gà, tó jẹ́ ọmọ Màmá, yínmú sí i. "Ọmọ ò sọ̀rọ̀, ẹ ní kó lọ kun ọ̀dà. Ṣé ilé la fẹ́ kọ́ ni?"

Wọ́n ṣáà lọ. Ànti fún Ẹ̀gà ní aṣọ funfun ńlá kan, ọmọ náà sì kun ún ní dúdú. Dúdú lókè, dúdú nísàlẹ̀. Nígbà tí wọ́n tún padà lọ, ó fi pupa tín-ń-tín sí àárín dúdú náà, ó sì dì í mọ́ra.

"Ẹ jẹ́ kó gbé e relé," Ànti ní. "Tirẹ̀ ni. Ẹ má bi í pé kí ló yà. Ẹ má bá a tún un ṣe."

Kò sọ pé kí wọ́n má fọ̀ ọ́. Ta ni ìyẹn máa sọ sí lọ́kàn?

Ẹ̀gà ti lọ sílé ìwé nígbà tí Màmá rí aṣọ náà lórí bẹ́ẹ̀dì. "Yéè! Ìdọ̀tí yìí ni ọmọ mi ń dì mọ́ra sùn?" Ó rẹ ẹ́ sínú ọṣẹ, ó bọ̀ ọ́, ó gbo ó, ó ṣàn án, ó sá a sóòrùn. Ìgbà tí yóò fi gbẹ, ó ti funfun báláú. Ó tilẹ̀ ń kọrin sí i.

Ọmọ dé láti ilé ìwé. Màmá na aṣọ náà sókè. "Wá wo iṣẹ́ ọwọ́ ìyá rẹ àgbà!"

Ẹ̀gà wò ó. Ẹnu rẹ̀ là gbayawu, ohùn kankan ò jáde. Ó yí padà, ó sáré lọ.

"Ayọ̀ ti pọ̀ jù fún un," Màmá wí fún ara rẹ̀. Ẹ gbọ́ òmùgọ̀ àgbà!

Nígbà tó gbé oúnjẹ sílẹ̀, ó pè é. Kò rí i. Ó wo yàrá, ó wo ẹ̀yìn ilẹ̀kùn, ó wo abẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Ó wá bọ́ sí àgbàlá, ló bá rí àpò ìwé ọmọ náà nílẹ̀, nítòsí ibi tí àgbá omi ìfọṣọ ti ń hó yàà lórí iná.

Àyà Màmá já. Ó sáré débẹ̀, bàtà kan lẹ́sẹ̀, ìkejì ti fò lọ. Ó fi ọwọ́ tú èéfín náà ká, ó wo inú àgbá. Omi nìkan ni. Ó tún wo ẹ̀yìn àgbá náà.

Bàbá Ẹ̀gà wọlé láti ibi tó ti lọ kó aṣọ fún oníbàárà. "Màmá, kí ló dé? Ọmọ dà?"

"Mi ò rí i."

"Ẹ ò rí i báwo? Ṣé abẹ́rẹ́ ni?" Ó sáré dé ojú títì, ó sáré padà. "Ẹ̀gà! Ẹ̀gà o! Jáde síbí o!"

Báwo lèèyàn ṣe fẹ́ pe ọmọ tí kì í dáhùn? Ibi tí ẹ̀rù ti bà wọ́n jù nìyẹn. Bó bá wà nínú ewu, kò ní ké. Màmá tẹ Ànti láago.

"Kí ló ṣẹlẹ̀ kó tó sá, Màmá?"

"Mo… mo fọ aṣọ ẹ̀. Ó ti mọ́ báyìí. Àpò ìwé ẹ̀ ni mo rí nítòsí omi tó ń hó lórí iná."

Ànti ní, "Mò ń bọ̀. Ẹ kọ́kọ́ pa iná tó wà lábẹ́ omi yẹn, kí ẹ sì tilẹ̀kùn ìta. Ẹ má pariwo mọ́. Ẹni tó bá sá pamọ́, ariwo á tún lé e wọnú sí i ni."

Wọ́n paná. Wọ́n dákẹ́. Nínú ìdákẹ́jẹ́ yẹn ni Màmá ti gbọ́ mímí kan, híhì híhì, láti inú apẹ̀rẹ̀ ńlá tí wọ́n ń kó aṣọ ìdọ̀tí sí. Bàbá Ẹ̀gà fò lọ di ọmọrí apẹ̀rẹ̀ mú. Ẹnì kan dì í mú láti inú.

"Jáde! Mo ní kó o jáde! Ṣé o fẹ́ pa wá ni?" Apẹ̀rẹ̀ náà ń gbọ̀n. "Màá ya nǹkan yìí!"

Màmá fi ara dí i. "Èmi ni kó o kọ́kọ́ ya, bó o bá lè gbé mi."

Bí Ànti ṣe bá wọn nìyẹn. Kò fọwọ́ kan apẹ̀rẹ̀. Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó tẹ́ aṣọ funfun náà gan-an síwájú rẹ̀, ó to ọ̀dà sílẹ̀. "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ya ohun tí ẹ ṣe lónìí."

"Èmi? Èmi tí mi ò lè ya ẹyin?"

"Bó bá ṣe jáde ni kẹ́ ẹ yà á."

Màmá kúnlẹ̀, egungun rẹ̀ ń ké. Ó ya obìnrin kan, orí rẹ̀ bí ẹyọ àgbàdo kan, ìdí rẹ̀ bí àpò ìrẹsì. "Èmi rèé," ó wí fún apẹ̀rẹ̀. "Ọpọlọ mi ló sọ̀kalẹ̀ lọ síbẹ̀ yẹn. Mo rí nǹkan olówó iyebíye, mo pè é ní ìdọ̀tí. Mi ò béèrè lọ́wọ́ rẹ. Jọ̀ọ́, ọmọ mi, má bínú."

Ọmọrí apẹ̀rẹ̀ gbéra díẹ̀. Ọwọ́ kékeré kan jáde, ó mú búrọ́ọ̀ṣì, ó tì í bọnú ọ̀dà dúdú.

Ẹ̀gà jáde, ìbọ̀sẹ̀ oníbàárà kan lórí rẹ̀. Ó ya ẹnìkan tó dùbúlẹ̀. Ó ya ẹnìkan tó kéré, tí ẹnu rẹ̀ tóbi ju orí rẹ̀ lọ, ó sì kun ẹnu náà ní dúdú. Ìbéèrè ti kún ẹnu Màmá bí omi gbígbóná, àmọ́ Ànti gbé ọwọ́ lé e ní itan.

"Bí àwòrán yìí bá fẹ́ sọ nǹkan," Ànti ní, "à ń gbọ́. Bí kò bá sì fẹ́, kò burú."

Ó pẹ́. Lẹ́yìn náà ni ohùn kan jáde, ó há bí ilẹ̀kùn tí wọn ò ṣí láti ọjọ́ pípẹ́.

"Èmi ni mo pe Màámi. Mo ní kí wọ́n wò mí bí mo ṣe ń fò. Wọ́n yíjú, wọ́n wá ṣubú." Ó gbé búrọ́ọ̀ṣì sílẹ̀. "Mi ò ní pe ẹnikẹ́ni mọ́."

Màmá fà á mọ́ra. Ó ń sunkún, ó ń rẹ́rìn-ín, ikun imú rẹ̀ ń ṣe ohun tó wù ú. Bàbá Ẹ̀gà kàn dúró gbagidi, ojú rẹ̀ ò kúrò lára àwòrán náà.

Ànti wá ṣàlàyé fún wọn. Ọmọdé lè di ẹ̀bi tí kì í ṣe tirẹ̀ rù, kó má rí ọ̀rọ̀ tí yóò fi sọ̀ ọ́ kalẹ̀. Ọ̀dà kì í ṣe idán o. Kò ní parí lónìí; ọmọ náà lè tún dákẹ́ lọ́la, wọn ò sì gbọ́dọ̀ fipá mú un. Ṣùgbọ́n ọ̀nà ti là.

Ẹ̀yin òbí, ẹ̀yin ìyá àgbà, ẹ gbọ́. Bí ọmọ yín bá dédé dákẹ́, tàbí tó ń bẹ̀rù, tí kò sùn, tó ń tọ̀ sílé lẹ́yìn ìjàmbá tàbí ọ̀fọ̀, ẹ má nà án, ẹ má pè é ní olóríkunkun. Ẹ sọ fún dókítà tàbí olùkọ́ rẹ̀, kí wọ́n júwe olùtọ́jú ọkàn fún yín. Ẹ béèrè ibi tó ti kọ́ṣẹ́, torí kì í ṣe gbogbo ẹni tó bá ní búrọ́ọ̀ṣì ló lè ṣe é. Ohun tí ọmọ bá yà tàbí tó bá mọ níbẹ̀, ẹ má tún un ṣe, ẹ má bú u, ẹ má fi han àlejò, ẹ má dá ìtumọ̀ rẹ̀ sílẹ̀ fúnra yín. Ẹ jókòó tì í ni. Ẹ sì jọ̀ọ́, ẹ má fọ̀ ọ́! Ẹ má sì rò pé ọmọdé nìkan ni ìtọ́jú yìí wà fún. Àgbàlagbà tó ń jágbe kiri ilé lè jẹ́ ẹni tí nǹkan há sí nínú jù.

Ànti ti ń kó ọ̀dà rẹ̀ jọ nígbà tí Bàbá Ẹ̀gà kúnlẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ aṣọ náà. Ó mú búrọ́ọ̀ṣì. Ó fa ìlà kan tó rí gbágungbàgun sábẹ́ ẹsẹ̀ ẹni tó dùbúlẹ̀.

"Ọṣẹ nìyí," ó ní, kò wo ojú ẹnikẹ́ni. "Èmi ni mo dà á sílẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ yẹn, tí mi ò nù ún. Ẹ̀gà, ìwọ kọ́. Èmi ni."