Ìránṣẹ́ Keje Tí Wọ́n Ní Kó Dákẹ́

Ẹsẹ̀ ọkọ̀ kọ̀, kò yọ! Ọkọ̀ òfúrufú ń sọ̀ kalẹ̀ bọ̀ ní Òkè-Pupa, ìlú tí àwọn ọmọ Yorùbá tẹ̀ dó sórí ìràwọ̀ pupa. Ọgọ́ta èèyàn ló wà nínú rẹ̀, Títílọpẹ́, àbúrò Mọ́rèniké, sì jẹ́ ọ̀kan nínú wọn.

Mọ́rèniké yìí gan-an ló ṣẹ̀dá àwọn ìránṣẹ́ àìrí, àwọn àṣẹ inú ẹ̀rọ tí méjìlá wọn ń ṣiṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà, tí ọ̀kan kì í dúró de èkejì. Ọ̀kan ń yọ ẹsẹ̀ ọkọ̀, òmíràn ń mú ara ọkọ̀ tutù, òmíràn ń fẹ́ atẹ́gùn sí yàrá. Iṣẹ́ ọpọlọ gidi ni! Àmọ́ nígbà tó ń kọ wọ́n, Olóyè Láòpó, olórí ìgbìmọ̀ ìlú, ní ariwo ìránṣẹ́ méjìlá kò yẹ níwájú àgbà: èyí tó bá kọ́kọ́ kùnà ni kó sọ̀rọ̀, kí àwọn yòókù panu mọ́. Mọ́rèniké jiyàn títí, ó sú u, ó sì kọ ọ́ bẹ́ẹ̀.

Ìránṣẹ́ ẹsẹ̀ ọkọ̀ ló sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ yìí. Kíá, Mọ́rèniké pè é padà, ó tún un rán, ó tún un rán. Lẹ́ẹ̀kẹta, gbàgà! Ẹsẹ̀ yọ. Ìdùnnú ṣubú lu ayọ̀ nínú gbọ̀ngàn ìdarí, wọ́n ń dì mọ́ra wọn, Olóyè pàápàá ń jó.

Nígbà tó yá, ara Mọ́rèniké kò lélẹ̀ mọ́. Ṣé ìránṣẹ́ kan ṣoṣo ló kùnà lóòótọ́? Ó na ọwọ́ láti tú àwọn yòókù lẹ́nu. Olóyè dí i lọ́nà.

“Ọmọ mi, ọkọ̀ ti fẹ́ balẹ̀. Má ba ayọ̀ wa jẹ́.”

“Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ jẹ́ kí n gbọ́ tiwọn.”

Kò dúró gbàṣẹ, ó tú wọn. Ìránṣẹ́ keje bẹ̀rẹ̀ sí í rojọ́: atẹ́gùn yàrá ẹ̀yìn ń tán, ilẹ̀kùn há, èèyàn kan wà níbẹ̀. Mọ́rèniké fipá ṣílẹ̀kùn láti ibi tó jókòó sí, ó dá atẹ́gùn padà. Ọkọ̀ balẹ̀ wọ́ọ́rọ́wọ́.

Èèyàn mọ́kàndínlọ́gọ́ta fẹsẹ̀ ara wọn rìn jáde. Títílọpẹ́, wọ́n gbé e ni. Ẹ̀mí ti bọ́.

Olóyè jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó ń sunkún, ó ní òun lòun pàṣẹ, òun lòun jẹ̀bi. Mọ́rèniké ń ka àkọsílẹ̀ ìránṣẹ́ keje. Ìgbà mẹ́rìndínlógún ló ti kígbe, mẹ́sàn-án nínú rẹ̀ nígbà tí wọ́n ń jó. Gbogbo rẹ̀ ni ẹ̀rọ fi ọ̀rọ̀ kan náà dá lóhùn: dákẹ́.

“Ẹ̀yin lẹ sọ ọ́, sà,” Mọ́rèniké wí. “Èmi ni mo kọ ọ́.”