Ẹyẹlé Tí Kò Lójú

Èébú ni ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tí Fèyísọ́lá bá Tawheed sọ.

Àsìkò òjò ni, ìgbà tí àwọn abiyamọ ń wá súwẹ́tà ọmọ tuntun káàkiri Ẹdẹ, ni ẹ̀rọ ìhunṣọ ìyá Fèyísọ́lá yarí ní ṣọ́ọ̀bù wọn l'Òkè Gada. Kárééjì, ìyẹn irin tí wọ́n ń tì lọ tì bọ̀ lórí àwọn abẹ́rẹ́, ń lọ geere o, àmọ́ àwòrán tó ń jáde níbẹ̀ kò jọ ohun tí Ọlọ́run dá. Ẹyẹlé ló yẹ kó jáde. Ohun tó jáde dà bí ẹ̀fọ́ tí ewúrẹ́ jẹ kù.

Wọ́n ránṣẹ́ sí ẹni tó ń tún ẹ̀rọ ṣe l'Alájué. Ọkùnrin gíga kan tó ń jẹ́ Tawheed dé, ó gbé àpò irinṣẹ́ kọ́ èjìká, ó dúró, ó ń wo ẹ̀rọ bí ẹni tó ń wo òkú.

"Ṣé ẹ wá tún un ṣe ni, àbí ẹ wá bá wa kẹ́dùn?" Fèyísọ́lá bi í.

"Mo ṣì ń wò ó ni, mà."

"Mà kẹ̀? Ṣé mo jọ ìyá yín ni?"

"Rárá o. Ìyá mi máa ń kí àlejò kí wọ́n tó bú u."

Mama Esther, ìyá Fèyísọ́lá, bú sẹ́rìn-ín lẹ́yìn òkìtì òwú tó jókòó sí. Ọjọ́ ti pẹ́ tí ẹnikẹ́ni ti fún ọmọ rẹ̀ lésì tó tó o.

Ẹ̀rọ yẹn kì í lo iná, kò sì mọ ohun tó ń jẹ́ kọ̀ǹpútà. Páálí oníhò ni ọpọlọ rẹ̀. Wọ́n á ti páálí náà bọ ẹnu ẹ̀rọ, á máa wọlé lọ díẹ̀díẹ̀. Ibi tí ihò bá wà, abẹ́rẹ́ á mú òwú búlúù. Ibi tí kò bá sí ihò, á mú funfun. Ìlà kan lára páálí, ìlà kan lára súwẹ́tà. Tawheed nu abẹ́rẹ́, ó ta epo sí i, ó wá fi ojú wá ìlà tó fẹ́ bẹ̀rẹ̀ lára páálí. Orí ẹyẹ jáde níbi tó yẹ kí ẹsẹ̀ wà.

Fèyísọ́lá rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. "Ìlà tí ẹ̀ ń wò níta yẹn kọ́ ló ń hun. Èyí tó ti wọlé lọ, tí ojú yín ò tó mọ́, òun ló ń hun."

Ọkùnrin mìíràn ì bá bínú. Tawheed tẹríba. "Ẹ ṣeun, tíṣà."

Tíṣà ló ń pè é láti ọjọ́ náà, títí ó fi di "Fèyí mi."

Nígbà tó yá, ẹ̀rọ ò bàjẹ́, Tawheed á dé. Á ní òun ń kọjá lọ ni, bí ẹni pé ọ̀nà kankan wà tó gba ẹnu ọ̀nà wọn kọjá sí Alájué. Á ra àgbàdo sísun wá, wọ́n á jọ jẹ ẹ́ lórí bẹ́ǹṣì, wọ́n á máa bú ara wọn. Ìfẹ́ wọ̀ wọ́n lára bí òwú ṣe ń wọ inú òwú, kò sẹ́ni tó lè sọ pé ibí ni tèmi parí sí. Fèyísọ́lá, tó ti fi ẹnu lé gbogbo ọkùnrin tó wá dànù, wá di ẹni tó ń fetí sí ìró alùpùpù.

"Ìwọ ń kírun, èmi ń lọ sí Áńgílíkà," ó sọ fún un lọ́jọ́ kan. "Báwo la ṣe fẹ́ ṣe é?"

"Adé orí mi, mi ò ní ní kó o fi ṣọ́ọ̀ṣì sílẹ̀ láé. Bó o ṣe wà yìí ni mo fẹ́ ọ."

Òótọ́ inú rẹ̀ ló sọ. Ẹ má gbàgbé o, òótọ́ inú rẹ̀ ni.

Mama Esther ò yọ̀, kò sì bínú. Nígbà tí Fèyísọ́lá fẹ́ mọ ohun tó wà nínú rẹ̀, ó ní òun ń wò ó.

Bí wọ́n ṣe wà nìyẹn tí páálí ẹyẹlé fi wá gbó pátápátá. Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ti ya, sẹ́lótéèpù ti pọ̀ lára rẹ̀ ju páálí fúnra rẹ̀ lọ. Ẹyẹlé mẹ́ta ló wà níbẹ̀, wọ́n tẹ̀ lé ara wọn, àmọ́ èyí ìkẹyìn ò lójú. Gbogbo Ẹdẹ mọ̀ ọ́n. Ẹni tó bá rí súwẹ́tà tí ẹyẹ kan ò lójú lára rẹ̀, á ní ti Mama Esther nìyẹn. Fèyísọ́lá pàápàá ti bá Tawheed fi ẹyẹ náà ṣẹ̀fẹ̀, ó ń pè é ní afọ́jú ilé wọn.

Lọ́jọ́ kan tí Fèyísọ́lá gbé súwẹ́tà lọ fún àwọn oníbàárà l'Awó, tí ìyá rẹ̀ sì wà ní ìpàdé àwọn ìyá ìjọ, wọ́n fi kọ́kọ́rọ́ ṣọ́ọ̀bù sílẹ̀ fún Tawheed kó lè bá wọn nu ẹ̀rọ. Ó fẹ́ ṣe ohun ìyanu fún olólùfẹ́ rẹ̀. Ó mú ọ̀rá líle tuntun, ó da gbogbo ihò ara páálí ògbólógbòó náà kọ sí i, ọ̀kọ̀ọ̀kan. Nígbà tó dé ọ̀dọ̀ ẹyẹ ìkẹyìn, ó lu ihò ojú fún un. Fóòmù tó ń tẹ abẹ́rẹ́ mọ́lẹ̀ nínú ẹ̀rọ sì ti rọ̀. Ìwà àwọn alátùn-únṣe ni láti wá nǹkan tẹ́ẹ́rẹ́ ki sábẹ́ irú fóòmù bẹ́ẹ̀ kó lè le. Ó gé páálí àtijọ́ sí èérún wẹ́wẹ́, ó kì wọ́n sábẹ́ rẹ̀. Ó ń súfèé.

Nígbà tí Mama Esther jókòó ti ẹ̀rọ, kárééjì ń lọ, kárééjì ń bọ̀. Ẹyẹ kìíní jáde, ẹyẹ kejì jáde. Ẹyẹ kẹta jáde, ó sì ń wo ojú rẹ̀.

Ìyá náà dá ọwọ́ dúró. Kò pariwo. Ó kàn béèrè ibi tí páálí rẹ̀ wà. Tawheed, tó ti ń retí ẹ ṣeun, ṣàlàyé ohun gbogbo fún un.

"Ọwọ́ Adéwálé ló wà lára páálí yẹn," ni Mama Esther wí. Adéwálé ni ọkọ rẹ̀, bàbá Fèyísọ́lá, tó ti kú tipẹ́. "Orí ibùsùn àìsàn ló ti lù ú. Ó ku ojú ẹyẹ kan ṣoṣo. Ó ní ó ti rẹ òun, òun á lù ú tílẹ̀ bá mọ́. Ilẹ̀ mọ́. Adéwálé ò jí. Láti ìgbà yẹn, bí mo bá ti dé ibi ojú yẹn, mo máa ń kí i."

"Mo rò pé àṣìṣe ni, mà."

"Àṣìṣe náà ni. Ta ló rán ọ níṣẹ́ ẹ̀?"

Tawheed dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Mama Esther ò wo ilẹ̀. "Ẹni tó rí àléébù nílé onílé, tí kò béèrè, tó kàn tún un ṣe. Bó ṣe máa tún ọmọ mi ṣe nìyẹn. Mi ò bímọ fún ẹni tó máa tún un ṣe. Máa lọ."

Fèyísọ́lá bá ìyá rẹ̀ jà. Ó ní ṣé torí páálí ni wọ́n fi fẹ́ gba ọkọ lọ́wọ́ òun? Ó ní ẹyẹ ò lójú, wọ́n wá fẹ́ kí òun náà fọ́jú? Kò sí ọ̀rọ̀ tó mọ̀ tí kò sọ. Ilé wá dà bí ilé tí wọ́n ti gbé òkú jáde.

Fèyísọ́lá fúnra rẹ̀ ló tú ẹ̀rọ náà, tó fa àwọn èérún páálí yọ lábẹ́ fóòmù, tó di wọ́n sínú aṣọ, tó kó wọn lọ fún Tawheed. "Bó o bá fẹ́ mi, tò ó padà."

Ó tò ó. Ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ pátákó, ẹyọ kọ̀ọ̀kan níbi tó ti wá. Ó tún dà á kọ sórí ọ̀rá tuntun mìíràn, ó sì fi ojú ẹyẹ ìkẹyìn sílẹ̀ láìlù. Òun àti ìyá rẹ̀, Àwáwù, ló jọ gbé e wá. Àwáwù jẹ́ obìnrin onínúure tó ń tajà aṣọ. Kò tíì jókòó tó ti ń bẹ̀bẹ̀, ó ní àwọn ọmọ ayé òde òní ní ọwọ́, wọn ò ní sùúrù, kí ẹ̀gbọ́n òun bá òun foríjì í.

Mama Esther fi ìka tọ ọ̀rá tuntun náà, ó ń wá ojú ẹyẹ. Ìka rẹ̀ dé ibẹ̀. Ó dán. Kò sí ihò. Omijé bọ́ lójú rẹ̀.

"Mo dárí jì ọ́," ó ní. "Ẹ lọ mú ọjọ́ wá."

Ayọ̀ gbé Fèyísọ́lá. Àwáwù ju ọwọ́ méjèèjì sókè. "Alihamudulilahi. Azeemah wa, wá dì mọ́ mi."

Mama Esther gbé ìka kúrò lórí ọ̀rá.

"Ta ní ń jẹ́ Azeemah?" Mama Esther béèrè.

Kò sí ìkà nínú Àwáwù, ìyẹn ló sì mú kí ọ̀rọ̀ náà burú. Tẹ̀ríntẹ̀rín ló fi ṣàlàyé. Ó ní orúkọ ìyá òun tó ti dolóògbé ni. Láti ìgbà tí Tawheed ti wà lẹ́yìn òun lòun ti ń tọ́jú orúkọ náà de ìyàwó rẹ̀. Ní ọjọ́ yìgì, àwọn àáfà á pè é sí i lórí, Azeemah ni gbogbo ilé á sì máa pè é. Ẹ̀bùn tó wọn òun lójú jù lọ ni.

Fèyísọ́lá kọjú sí Tawheed. "O mọ̀?"

"Mo mọ̀."

"O sọ fún wọn pé mo gbà?"

"Mi ò sọ pé o ò gbà." Ó sún mọ́ ọn, ohùn rẹ̀ rọ̀. "Fèyí mi, orúkọ lásán ni. Ìta nìkan ni. Nínú yàrá, Fèyí ni n ó máa pè ọ́ títí ikú."

Mama Esther dìde. "Tawheed, kí lorúkọ mi?"

"Mama Esther."

"Aqeelah ni bàbá mi sọ mí, ní agboolé wa nísàlẹ̀ ọjà. Iwájú pẹpẹ ni ìyá ọkọ mi ti sọ mí di Esther. Ẹ̀bùn ni wọ́n pe tiwọn náà. Adéwálé ní ìta nìkan ni. Nínú yàrá, Aqeelah ló ń pè mí, kò sì purọ́, títí ikú ló fi pè é. Ọjọ́ tó kú, kò sẹ́ni tó kù tó mọ̀ mí. Ọmọ mi tó dúró yìí, òní ló kọ́kọ́ gbọ́ orúkọ ìyá rẹ̀." Ó padà jókòó. "Mo ti dárí jì ọ́, mi ò kó ọ̀rọ̀ mi jẹ. Fèyísọ́lá ni kó sọ̀rọ̀."

Fèyísọ́lá wo ìyá rẹ̀ bí ẹni tí kò rí i rí. Ó wá yíjú padà. "Tawheed. Sọ fún ìyá ẹ, níwájú mi níbí, pé Fèyísọ́lá ni mò ń jẹ́."

Tawheed wo Àwáwù. Ojú obìnrin náà ti kún fómi, ó di etí ìborùn rẹ̀ mú.

"Fèyí, jẹ́ ká délé ná."

"Ẹ máa lọ sílé," ni Fèyísọ́lá wí.

Kí ẹnikẹ́ni má sọ pé Fèyísọ́lá ò nífẹ̀ẹ́ Tawheed. Ó nífẹ̀ẹ́ rẹ̀ débi pé nígbà tí ìró alùpùpù yẹn lọ tán, ó jókòó ti ẹ̀rọ, ó sì sunkún títí òwú iwájú rẹ̀ fi rin. Àmọ́ ó ti rí ìlà tó ti wọlé. Ọ̀rọ̀ dídùn ló wà níta, kò sì sí irọ́ kankan nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n òun kọ́ ni ẹ̀rọ ń hun.

Mama Esther kú nígbà ọyẹ́. Àlùfáà pe Esther lẹ́bàá sàréè, Esther ni wọ́n kọ sára pátákó. Fèyísọ́lá kúnlẹ̀, ó tẹ orí wọ ẹnu kòtò, ó ké pe Aqeelah. Àwọn èèyàn ní ìbànújẹ́ ti fẹ́ dà á lórí rú.

Òjò tún padà dé. Ọmọbìnrin kan tó wọ híjáàbù wọlé, oyún rẹ̀ ti fẹ́ dé ilẹ̀, ó ń wá súwẹ́tà. Ó fi ọwọ́ pa èyí tó wà lára ògiri, ó dúró ní ibi ẹyẹ kẹta.

"Ẹ̀gbọ́n, ọ̀kan ò lójú níbí."

"Bẹ́ẹ̀ la ṣe ń hun ún. Ṣé kí n fi abẹ́rẹ́ rán ojú sí i, àbí kí n fi í sílẹ̀? Ẹ̀yin lẹ ni ín."

Ọmọbìnrin náà ronú díẹ̀, ó dà bí ẹni pé wọn kì í sábà bi í léèrè ohun tó fẹ́. "Ẹ fi í sílẹ̀. Ó jọ pé ó ń sùn ni."

Fèyísọ́lá ti òwú bọ ẹ̀rọ, ó béèrè ibi tó ń gbé. Ọmọbìnrin náà ní Alájué, ìyàwó Tawheed tó ń tún ẹ̀rọ ṣe lòun.

Kárééjì dúró.

"Kí lorúkọ yín?"

"Azeemah." Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀, ó wolẹ̀. "Grace ni wọ́n sọ mí nílé wa. Ọkọ mi ṣì máa ń pè mí bẹ́ẹ̀, nínú yàrá."

Fèyísọ́lá fa àpótí kan sún mọ́ ọn. Ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù ṣí sílẹ̀ gbayawu, èèyàn ń lọ, èèyàn ń bọ̀ lójú títì.

"Grace," ó pè é, ketekete, kó lè dé ìta. "Jókòó."

Ọmọbìnrin náà kọ́kọ́ bojú wẹ̀yìn, ó wò ó bóyá ẹnikẹ́ni gbọ́, kó tó jókòó.