Déètì Tuntun Lórí Iṣẹ́ Àtijọ́

"Ta ló ni mọ́tò yìí?"

Àyà Mẹ̀dínátù já. Aṣọ́bodè méjì ló dúró sẹ́nu ọ̀nà ilé wọn ní Ayétòrò. Nínú fóònù tí ọ̀kan nínú wọn mú dání, àwòrán mọ́tò akẹ́rù bàbá rẹ̀ ló wà níbẹ̀, àti àdírẹ́sì wọn. Òun fúnra rẹ̀ ló ṣe ojú òpó ayélujára náà fún bàbá rẹ̀ ní ọdún 2017, nígbà tí bodè ṣì ṣí. Ó kọ síbẹ̀ pé, "À ń kó ẹrù kọjá bodè Ìmẹ̀kọ lójoojúmọ́."

Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, ilé-ẹ̀kọ́ kan ní Abẹ́òkúta ní òun fẹ́ rí àkójọ iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ kí òun tó gbà á láti kọ́ iṣẹ́ ṣíṣe ojú òpó sí i. Ojú òpó bàbá rẹ̀ yìí nìkan ló ní, ojú sì ń tì í nítorí pé ó ti gbó. Gbọ́lá ọ̀rẹ́ rẹ̀ rẹ́rìn-ín.

"Fi àwọ̀ tuntun kùn ún, kí o fi déètì oṣù yìí sí i. Ta ló máa mọ̀?"

Mẹ̀dínátù ṣe bẹ́ẹ̀. Kò tilẹ̀ tún ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ kà, bẹ́ẹ̀ ìjọba ti ti bodè láti oṣù kẹjọ ọdún 2019.

"Bàbá," aṣọ́bodè náà wí, "ẹ̀yin lẹ kọ ọ́ pé ẹ̀ ń kọjá bodè lójoojúmọ́. Déètì oṣù yìí nìyí. A máa gbé mọ́tò yín lọ."

"Èmi kẹ̀? Láti ìgbà tí ẹ ti ti bodè, pákí ni mò ń kó láti oko wá sọ́jà!" Ohùn bàbá ń gbọ̀n. Mẹ̀dínátù kò gbọ́ irú ohùn bẹ́ẹ̀ lẹ́nu rẹ̀ rí. Mọ́tò yẹn ni gbogbo wọn fi ń jẹun.

Mẹ̀dínátù wẹ̀yìn. Gbọ́lá tó fara ti ògiri lẹ́ẹ̀kan ti poora. Bí òun náà bá dákẹ́, kò sẹ́ni tó máa mọ̀. Ẹ̀rù bà á, síbẹ̀ ó kúnlẹ̀ níwájú wọn.

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, èmi ni. Irọ́ ni déètì yẹn. Iṣẹ́ àtijọ́ ni, mo kàn fẹ́ kó dà bíi tuntun ni."

Ó fi ẹ̀dà àkọ́kọ́ tó ní déètì ọdún 2017 hàn wọ́n nínú fóònù rẹ̀. Aṣọ́bodè náà wò ó títí, ó lọ yẹ inú mọ́tò wò. Èèpẹ̀ oko àti èèpo pákí ló bá níbẹ̀.

"Ọmọ yìí, díẹ̀ ló kù kí o sọ bàbá rẹ dọ̀daràn," ló wí, wọ́n sì lọ.

Bàbá kò nà án. Ó kàn ní, "Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ máa bá a. Tìẹ ò tiẹ̀ lò tó ọ̀sẹ̀ méjì!" Mẹ̀dínátù bú sẹ́kún.

Ó dá déètì àtijọ́ náà padà. Ó kọ sábẹ́ rẹ̀ pé, "Iṣẹ́ àkọ́kọ́ mi, kí wọ́n tó ti bodè," ó sì ṣe ojú òpó mìíràn sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ fún iṣẹ́ pákí tí bàbá rẹ̀ ń ṣe báyìí. Méjèèjì ló kó lọ sí Abẹ́òkúta. Iṣẹ́ àtijọ́ kì í ṣe ohun ìtìjú, ibi tí a ti bẹ̀rẹ̀ ló ń fi hàn. Irọ́ tí a fi kùn ún ló ń kóni sí wàhálà. Títí dòní, bí ẹnikẹ́ni bá béèrè ẹni tó ni mọ́tò bàbá rẹ̀, àyà Mẹ̀dínátù ṣì máa ń já.