Bàtà Tí A Fi Pamọ́ De Ọjọ́ Eré Ìje

Ìrì ṣì wà lórí páànù nígbà tí Ràṣídátù kọ́kọ́ rí Akínọlá. Ó ń sáré bọ̀ láti ọ̀nà Ìfàkì, ẹsẹ̀ rẹ̀ fúyẹ́ bí ẹni pé ilẹ̀ ń jó mọ́ ọn lábẹ́. Abẹ́rẹ́ dúró lọ́wọ́ ọmọbìnrin náà. Láti ìgbà tí ojú bàbá rẹ̀ ti ń ṣe bàìbàì ló ti ń bá a rán bàtà ní ṣọ́ọ̀bù wọn ní àdúgbò Adébáyọ̀ ní Adó, kò sì tíì rí ohun tó lẹ́wà tó báyìí rí.

Lọ́jọ́ kẹta, ó ké sí i. “Ẹ̀gbọ́n, orúnkún òsì ń dùn yín, àbí?”

Ẹnu ya Akínọlá. Tíṣà ni, kò sì tíì sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni. “Ta ló sọ fún ọ?”

“Bàtà yín ni. Àtẹ́lẹ̀ rẹ̀ ti jẹ tán lápá kan. Ẹ bọ́ ọ wá.”

Ó fi rọ́bà tuntun àti aṣọ rírọ̀ tún un ṣe. Láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, orúnkún náà dákẹ́. Síbẹ̀, Akínọlá kò yéé wá sí ṣọ́ọ̀bù.

“Tíṣà, bàtà tún ti bàjẹ́ ni?”

“Rárá o. Ẹni tó ni ín ni kò gbádùn.”

Ràṣídátù rẹ́rìn-ín, ó fi ojú pamọ́ sínú iṣẹ́.

Eré ìje láti Ìfàkì sí Ọjà Ọba ti ń súnmọ́lé. Ẹni mẹ́ta àkọ́kọ́ ni yóò lọ ṣojú ìpínlẹ̀ ní Bẹ̀níì. Ọdún márùn-ún ni Akínọlá ti ń lé e. Ìyá rẹ̀ ní kí àbúrò òun ra bàtà funfun kan láti Èkó, ó sì tì í mọ́ ìsàlẹ̀ àpótí.

“Ọjọ́ eré ìje lo máa kọ́kọ́ wọ̀ ọ́,” ni ìyá wí, “kí gbogbo Adó rí ọ.”

Nígbà tí Ràṣídátù gbọ́, ó mi orí. “Tíṣà mi, bàtà eré ìje kì í ṣe aṣọ ọdún. Bí ẹsẹ̀ kò bá tíì mọ̀ ọ́n, á bù yín jẹ.”

Akínọlá sọ ọ́ nílé. Inú bí ìyá.

“Ọmọ ulé aránbàtà ló wá ń kọ́ mi ní bí mo ṣe máa tọ́jú ọmọ mi? Ọmọ Mùsùlùmí sì tún ni!” Ló bá bú sẹ́kún.

Akínọlá kò lè wo omijé ìyá rẹ̀. Bàtà funfun náà ló wọ̀.

Lọ́jọ́ eré ìje, èrò kún Adébáyọ̀. Ràṣídátù fi bàtà àtijọ́ tí Akínọlá fi sílẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù pamọ́ sábẹ́ ìborùn. Ìyá Akínọlá dúró nítòsí rẹ̀, ó rí bàtà náà, ṣùgbọ́n kò kí i. Akínọlá yọ ní ipò kejì, ṣùgbọ́n ó ń tiro. Ẹ̀jẹ̀ ti ràn kálẹ̀ ní gìgísẹ̀ bàtà funfun náà bí epo lára bébà.

Ìyá ké. Ó sáré bọ́ sójú títì, ó kúnlẹ̀, ó ń bọ́ bàtà náà kúrò lẹ́sẹ̀ ọmọ rẹ̀. “Ràṣídátù! Gbé bàtà àtijọ́ yẹn wá!”

Kò pe orúkọ rẹ̀ rí.

Kí wọ́n tó so okùn bàtà náà tán, ẹni márùn-ún ti kọjá. Akínọlá dìde. Ó fò lọ bí àṣá. Ó kọjá ẹni mẹ́ta. Ipò kẹrin ló ṣe.

Nírọ̀lẹ́, òun àti ìyá rẹ̀ wá sí ṣọ́ọ̀bù. Ìyá kúnlẹ̀ fún bàbá Ràṣídátù. “Mo wá dúpẹ́, bàbá. Mo sì wá tọrọ ọmọ.”

“Ẹ bi í,” ni bàbá wí. “Ojú tirẹ̀ ríran ju tèmi lọ.”

Ràṣídátù dìde. Ó tẹ́ bébà sílẹ̀, ó ní kí Akínọlá gbé ẹsẹ̀ lé e. “Ìrọ̀lẹ́ la máa ń wọn ẹsẹ̀, nígbà tó bá ti wú tán. Bàtà eré ìje ọdún tó ń bọ̀ la fẹ́ rán.” Ó fi pẹ́ńsù yí ẹsẹ̀ náà ká.

Lẹ́yìn náà ni ó bọ́ sílípáàsì rẹ̀, ó gbé ẹsẹ̀ kékeré tirẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀ tó yà náà, ó sì na pẹ́ńsù sí Akínọlá.

“Ẹ ya tèmi náà sí i, Tíṣà mi.” Akínọlá kúnlẹ̀, ó sì yà á.