Orúkọ Abẹ́ Bébà

Mo ṣèlérí fún yín tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀: ìtàn yìí kò ní gùn. Òótọ́ sì ni. Mo mọ̀ pé ó ti pẹ́ tí mo ti ń fi irọ́ pa yín lẹ́rìn-ín. Èyí kò pa èmi gan-an lẹ́rìn-ín.

Díjeè ni mí kí n tó fẹ̀yìn tì. Orin sóòlù, orin àwọn aláwọ̀ dúdú Amẹ́ríkà, là ń lò, àwọn àwo tí kò ju ẹyọ kan tàbí méjì lọ láyé. Ilé ijó á kún, òógùn á máa kán láti òkè àjà, a ó da páúdà sílẹ̀ kí bàtà lè máa yọ̀. Àṣà wa ni pé ẹni tó bá rí àwo ọ̀wọ́n á lẹ bébà bo orúkọ tó wà láàárín rẹ̀, á sì fún akọrin náà ní orúkọ èké, kí díjeè mìíràn má baà rí i rà. Èmi náà ní ọ̀kan. Mo pe akọrin rẹ̀ ní Omidan Ẹ̀fúùfù. Ibi tí mo ti ń fá irùngbọ̀n ni orúkọ náà ti sọ sí mi lọ́kàn.

Ọgbọ̀n ọdún ni ọ̀rẹ́ mi, díjeè ẹgbẹ́ mi tá à ń pè ní Ẹlẹ́sẹ̀ Rọ́bà, fi wá orúkọ gidi. Lóṣù tó kọjá, dókítà ní àwọn máa ṣiṣẹ́ abẹ ọkàn fún un ní Ọjọ́bọ̀. Ó ránṣẹ́ pè mí.

"Orúkọ yẹn nìkan ni mo fẹ́. Mi ò mọ̀ bóyá màá jí."

Wàhálà ibẹ̀ ni pé èmi náà ti gbàgbé. Mo gbé àwo lọ sílé rẹ̀ lọ́sàn-án ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Mo fi kànrìnkàn olómi gbígbóná tẹ bébà náà títí tó fi rọ̀. Mo fi èékánná ṣí i díẹ̀díẹ̀.

Omidan Ẹ̀fúùfù.

Bí wọ́n ṣe tẹ̀ ẹ́ láti ilé iṣẹ́ tó ṣe àwo nìyẹn. Yíǹkì rẹ̀ ti ṣá.

Ọ̀rẹ́ mi wò mí. "Títí dórí àìsàn lo ṣì ń purọ́ fún mi?"

"Mo fi ìyá mi búra."

"Ìyá tó o ti fi búra fún mi lẹ́ẹ̀mẹfà?"

Inú bí mi. Mo gbé àwo sórí ẹ̀rọ. Ìlù wọlé, fèrè wọlé, obìnrin náà kọrin bó ṣe máa ń kọ ọ́. Nígbà tó dé àárín, gbogbo rẹ̀ dákẹ́. Kò dákẹ́ bẹ́ẹ̀ rí. Àwo ṣì ń yí. Ẹnì kan ń mí.

"Kí lorúkọ mi," obìnrin náà béèrè jẹ́jẹ́, "kẹ́ ẹ tó fún mi ní èyí?"

Ọ̀rẹ́ mi kọjú sí mi. "Dá a lóhùn."

"Mi ò rántí."

"Orúkọ ẹyọ kan! O fi pamọ́ fún mi lọ́gbọ̀n ọdún, o wá gbàgbé?"

Mo gbé abẹ́rẹ́ kúrò lórí àwo. Mo yọ wáyà ẹ̀rọ lára ògiri. Mímí náà kò dúró. Àwa àgbà méjì jókòó síbẹ̀ bí ọmọ iléèwé tí kò ṣe iṣẹ́ àṣetiléwá.

Wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ náà fún ọ̀rẹ́ mi. Ó jí. Ó pè mí lórí fóònù.

"Mo ti mọ̀ ọ́n. Nígbà tí wọ́n fún mi lóògùn oorun, obìnrin inú àwo yẹn wá jókòó tì mí. A jọ wá a. A rí i."

"Ó dáa. Kí ni?"

Mo gbọ́ tí ẹnì kan ń bá a sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́.

"Ó ní kí n má sọ fún ẹ."

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ bò mí láṣìírí. Àwọn díjeè tó kù kò gbọ́dọ̀ gbọ́ pé Ẹlẹ́sẹ̀ Rọ́bà mọ orúkọ akọrin inú àwo mi, èmi tí mo ni ín ò mọ̀ ọ́n.